Alárinà Ni Ẹni Tó Pe Àpérò

(Ọ̀rọ̀ àsọyé fún àwọn tó ń ṣètò ìpàdé àpérò iṣẹ́)

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dunni jù. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti lù, àpérò ọlọ́jọ́ méjì ń kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn èèyàn ń kó báàgì wọn. Igba èèyàn ló wà nínú gbọ̀ngàn. Ẹni tó wá láti Ìsẹ́yìn ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí wọ́n jọ wọkọ̀ wá láti Ìsẹ́yìn, láti àárọ̀ ọjọ́ kìíní. Ẹni tó ń wá ẹ̀rọ ń lọ sílé láì mọ̀ pé ìlà méjì péré ló wà láàárín òun àti ẹni tó ń rọ ẹ̀rọ náà. Káàdì mẹ́rin wà lápò rẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá fi máa di ọjọ́ Ajé, kò ní rántí ojú ẹni tó fún un ní ìkankan nínú wọn. Owó ọkọ̀ ti lọ, owó ilé ìtura ti lọ, ọjọ́ iṣẹ́ méjì ti lọ.

Orí àwọn tó wá la sábà máa ń di ẹ̀bi yìí rù. A ní ojú ń tì wọ́n, a ní wọn ò yá mọ́ọ̀yàn. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Láyé àwọn bàbá wa, bí ìdílé kan bá fẹ́ fẹ́ ìyàwó fún ọmọ wọn, wọn kì í kàn rán ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin lọ sọ́jà kan náà kí wọ́n máa retí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Alárinà wà níbẹ̀, tó mọ ilé méjèèjì, tó mọ ohun tí ẹ̀gbẹ́ kan ń wá àti ohun tí ẹ̀gbẹ́ kejì ní, tó ń gbọ́rọ̀ lọ tó ń gbọ́rọ̀ bọ̀ títí ojú fi mojú. Ẹni tó pe àpérò ló gba iṣẹ́ yẹn, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Bí a ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà, iye àkókò tó ń gbà, àti ibi tó ti ń bàjẹ́, òun ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò.

Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ tíì àti ẹ̀rín lásán ni. Ní 1973, Mark Granovetter, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ ní ìlú Newton, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Ó bi àwọn tó gbọ́ nípa iṣẹ́ náà lẹ́nu ojúlùmọ̀ pé báwo ni wọ́n ṣe ń rí ẹni náà sí nígbà yẹn. Ìdá 16.7 nínú 100 ló ń rí i lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdá 55.6 ń rí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìdá 27.8 kì í sì í rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Ìdí rẹ̀ yé ni: ẹni tí a jọ ń jẹ tí a jọ ń mu, ohun tí àwa mọ̀ lòun náà mọ̀. Ẹni tí a mọ̀ lóréfèé ló ń ti àdúgbò mìíràn bọ̀, ìròyìn ibẹ̀ ló sì ń gbé wá.

Ní 2012, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ òṣèlú ní Amẹ́ríkà fẹ́ ṣe àpérò ọdọọdún wọn ní New Orleans, ètò ti pé, orúkọ àwọn tó máa sọ̀rọ̀ ti jáde, ni ìjì Isaac bá dé. Wọ́n fagi lé e nígbà tó kù sí dẹ̀dẹ̀. Àwọn olùṣèwádìí padà wá wo ohun tí àìpàdé yẹn ná wọn, wọ́n sì rí i pé àǹfààní pé ẹnì kan yóò bá ẹlòmíràn tó yẹ kí wọ́n jọ pàdé níbẹ̀ kọ ìwé pọ̀ fi nǹkan bí ìdá 16 nínú 100 dín kù. Ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti Harvard ẹ̀wẹ̀, wọ́n ṣẹ́ kèké pín àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sí yàrá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ìṣẹ́jú 90 péré. Àǹfààní pé àwọn tó bá ara wọn nínú yàrá kan náà yóò jọ béèrè owó ìwádìí fi ìdá 75 nínú 100 ga ju ti àwọn tí yàrá wọn yàtọ̀. Ìṣẹ́jú 90! Ẹ mú un dání, a ó padà sí i.

Ṣùgbọ́n ẹ tún wo ọ̀kan sí i kẹ́ ẹ tó dunnú. Paul Ingram àti Michael Morris ti Yunifásítì Columbia kó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún oníṣòwò jọ síbi àríyá kan, wọ́n sì fi ẹ̀rọ kékeré sí wọn lára tó ń sọ ẹni tó ń bá ẹni sọ̀rọ̀. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2007. Kí wọ́n tó wọlé, ìdá 95 nínú 100 ló ní torí àtimọ ẹni tuntun lòun ṣe wá. Nígbà tí wọ́n wọlé tán, nǹkan bí ìdajì àkókò wọn ló lọ sọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó wù wọ́n láti mọ ẹlòmíràn, wọ́n sì wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú wọn. Alárinà ló sọnù níbẹ̀.

Iṣẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ àpérò

Kí ọ̀rọ̀ wa má baà máa léfòó, ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan: àpérò igba èèyàn nílùú Ìbàdàn, fún àwọn tó ń fi ẹ̀gẹ́ ṣiṣẹ́. Àgbẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn tó ń ṣe gàrí àti fùfú wà níbẹ̀, àwọn tó ń rọ ẹ̀rọ, àwọn olùkọ́ yunifásítì, àwọn oníbánkì.

Orí fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Fọ́ọ̀mù wa sábà máa ń béèrè orúkọ, iléeṣẹ́, ipò àti nọ́ńbà fóònù. Kí ni alárinà fẹ́ fi ìyẹn ṣe? “Alákòóso Àgbà” kò sọ ohun tó ń lọ lọ́wọ́ ẹni. Ẹ fi ìbéèrè mẹ́ta kún un, kí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan má sì ju ogún ọ̀rọ̀ lọ. Iṣẹ́ wo ló wà lọ́wọ́ yín lóṣù yìí? Ìṣòro wo lẹ fẹ́ kẹ́nì kan bá yín dá sí? Kí lẹ mọ̀ dáadáa tí ẹ lè fi ran ẹlòmíràn lọ́wọ́? Ìkẹta yìí ni àwọn olùṣètò máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ sì ni òun ló ṣe kókó jù. Ẹni tó bá gbé ìṣòro nìkan wá á máa wo ara rẹ̀ bí alágbe láàárín àwọn ọ̀gá. Tó bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun náà ní nǹkan tóun mọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ranlẹ̀.

Bí ìdáhùn bá wọlé tán, ẹ jókòó tì í. Tẹ́ ẹ bá fún èèyàn kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú méjì, igba èèyàn á gba irinwó ìṣẹ́jú, kò tó wákàtí méje. Ẹni méjì tó mọ iṣẹ́ náà lè pín in ṣe láàárín ìrọ̀lẹ́ kan. Ẹ wá ẹni méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹ má jù ú sí mẹ́wàá, torí ẹni tí ẹ bá fún ní orúkọ mẹ́wàá kò ní wá ìkankan lọ. Àwọn ètò orí kọ̀ǹpútà kan wà tó ń ṣe irú ìsopọ̀ yìí, wọ́n sì wúlò bí èèyàn bá pọ̀ dé ẹgbẹ̀rún. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún wọn: ọ̀rọ̀ tó jọra ni púpọ̀ nínú wọn ń wò. Wọ́n rí “gàrí” lápá ọ̀tún, wọ́n rí “gàrí” lápá òsì, wọ́n bá so oníṣòwò méjì tó ń bá ara wọn figagbága lọ́jà kan náà pọ̀. Ohun tí alárinà ń wá ni ìṣòro ẹnì kan àti ìmọ̀ ẹlòmíràn tó bá a mu.

Ẹ wo mẹ́ta nínú ìdáhùn náà. Ìyá kan láti Ìsẹ́yìn kọ ọ́ pé: “Gàrí mi ń bàjẹ́ nínú àpò kó tó pé oṣù méjì. Mò ń wá ẹni tó ń ta àpò tó dára.” Ẹnì kan láti Abẹ́òkúta kọ ọ́ pé òun ń rọ ẹ̀rọ ìyangàrí. Olùkọ́ kan kọ ọ́ pé òun ní ẹ̀rọ tó ń wọn ọ̀rinrin inú oúnjẹ. Kọ̀ǹpútà á so ìyá yẹn mọ́ oníṣòwò àpò. Ẹni tó mọ iṣẹ́ gàrí á mọ̀ pé ọ̀rinrin ló ṣeé ṣe kó fà á, pé gàrí tí ọ̀rinrin rẹ̀ bá ju ìdá 12 nínú 100 kì í pẹ́ nílẹ̀, kò sì sí àpò tó lè gbà á. Olùkọ́ ni kí ìyá yẹn kọ́kọ́ rí, kó wọn gàrí náà, lẹ́yìn náà ni oníṣẹ́ ẹ̀rọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ka fọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀.

Nígbà tó bá ku ọjọ́ méje, ẹ kọ̀wé sí wọn. Ẹ gba ìyọ̀ǹda kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni ní nọ́ńbà ẹlòmíràn. Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà ti 2023 ò fi èyí ṣeré. Ẹ má da igba èèyàn sínú gúrúùpù WhatsApp kan. Gbogbo nọ́ńbà á hàn síta, àdúrà àárọ̀ àti ìpolówó ọjà á kún un, àwọn tó níṣẹ́ lọ́wọ́ á sì jáde kí ọjọ́ tó pé. Ẹ fi ránṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí èyí:

“Ẹ káàárọ̀ mà. Àwa tí à ń ṣètò àpérò ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni. Ẹ kọ̀wé pé gàrí yín ń bàjẹ́ kó tó pé oṣù méjì. Olùkọ́ kan ń bọ̀ tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá gàrí ti gbẹ tó. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ká fún un ní nọ́ńbà yín? Ẹ mú gàrí díẹ̀ dání, ife kan péré. Ẹ ó rí i nídìí tábìlì aláṣọ ewé, ní àkókò tíì ọjọ́ kìíní.”

Ẹ ṣàkíyèsí ohun tó wà nínú rẹ̀: ìdí, ibi, àkókò, àti ohun tí ìyá náà máa mú lọ́wọ́. Bí ọ̀kan bá sọnù nínú mẹ́rin yìí, ìpàdé náà sábà máa ń di “a ó ríra.”

Káàdì orúkọ tí à ń fi kọ́rùn ńkọ́? Ó kéré lójú, ṣùgbọ́n òun ló ń bá wa la ẹnu kí àwa tó lanu. Orúkọ tí wọ́n ń pe ẹni náà ni kó tóbi jù, kí lẹ́tà rẹ̀ ga tó sẹ̀ǹtímítà kan, kí ẹni tó dúró ní mítà kan àtààbọ̀ lè kà á láì tẹ orí síwájú. Àmì àwọn onígbọ̀wọ́ ló máa ń gba àyè yìí mọ́ orúkọ lọ́wọ́. Ẹ gbé e lọ sísàlẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sí ojú méjèèjì, torí káàdì tó rọ̀ sórí okùn kan kì í pẹ́ yí padà, tí ẹ̀yìn rẹ̀ funfun báláú á sì kọjú síta. Kí okùn rẹ̀ kúrú kó lè dúró láyà. Ẹ má yọ oyè kúrò, nítorí ọmọdé ò ní mọ bí yóò ṣe pe àgbà; ẹ kọ ọ́ ní lẹ́tà kékeré lókè orúkọ. Ẹ fi àmì ohùn sórí orúkọ, kí ẹnu má baà kọsẹ̀ nídìí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìlà kan nísàlẹ̀: “Ẹ bi mí nípa ẹ̀rọ ìyangàrí.” Ìlà yẹn nìkan ti gba ẹni tí kò mọ ohun tó fẹ́ sọ lọ́wọ́ ìtìjú.

Àkókò, tíì àti ariwo

Ohun tó ń pa ìfojúlùmọ̀ jù ní àpérò wa ni bí a ṣe ń lo àkókò. Aago mẹ́sàn-án ló wà lórí ìwé, àlejò pàtàkì dé lẹ́yìn aago mẹ́wàá. Wọ́n ka orúkọ àwọn tó wà ní iwájú tán, gbogbo ẹni tó sì gba gbohùngbohùn lẹ́yìn ìyẹn tún ń kí wọn ní tirẹ̀. Ẹ ṣírò ó: sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ mẹ́jọ, ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta fún ìkíni, ìṣẹ́jú 24 ti lọ. Àkókò tíì kan gan-an nìyẹn, òun náà sì ni a máa ń gé nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú. Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà ìpè sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan pé olùdarí ètò yóò bá gbogbo wọn kí àwọn àgbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí àkókò bá ṣì fún yín lọ́rùn, ẹ gé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan, ẹ fi tíì sílẹ̀. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́, a lè fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sílé. Ojúkojú kò ṣeé fi ránṣẹ́. Harrison Owen, tó dá irú ìpàdé tí wọ́n ń pè ní Open Space sílẹ̀ ní 1985, níbi tí àwọn tó wá fúnra wọn ti ń yan ohun tí wọ́n máa jọ sọ, ìdí tíì náà ló ti bẹ̀rẹ̀: àwọn tó wá sí àpérò ńlá kan tó ṣètò ti sọ fún un pé àkókò tíì ló ṣàǹfààní jù fún àwọn.

Tíì fúnra rẹ̀ ní ìṣirò. Bí èèyàn kan bá ń gba ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá láti bu tirẹ̀, ẹni mẹ́fà ni tábìlì kan lè dá lóhùn ní ìṣẹ́jú kan. Igba èèyàn á tò fún ìṣẹ́jú 33, ìsinmi á sì parí lójú ìlà. Tábìlì mẹ́rin ní igun mẹ́rin gbọ̀ngàn á parí rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Ẹ fún àkókò tíì ní ogójì ìṣẹ́jú, ẹ má fún un ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ẹ tún wo ọwọ́ èèyàn. Ọwọ́ ọ̀tún la fi ń bọ ara wa lọ́wọ́, òun náà la fi ń jẹun, a kì í sì í na òsì sí àgbà. Ẹni tó di ife mú lọ́wọ́ kan, tó di àwo mú lọ́wọ́ kejì, kò sí ohun tó lè nà sí ẹnikẹ́ni. Á wá igun kan, á kọjú sí ògiri, á jẹ tirẹ̀. Tábìlì gíga tí wọ́n ń dúró tì ló máa gbà á sílẹ̀, ọ̀kan fún ẹni mẹ́jọ, ìyẹn 25 fún igba. Oúnjẹ rẹ̀ ni púfù-púfù, àkàrà, sámósà, ohun tí ìka méjì lè mú, pẹ̀lú bébà ìnuwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ráìsì inú páálí tí wọ́n ń pín sórí àga ló burú jù, nítorí gbogbo ojú á kọ sí pèpéle tí kò sẹ́nì kankan lórí rẹ̀. Ẹ fi àga díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn àgbà àti aláboyún.

Ariwo ńkọ́? Láti 1911 ni dókítà ará Faransé kan, Étienne Lombard, ti ṣàlàyé pé bí ariwo bá ti ń pọ̀ sí i, èèyàn á máa gbóhùn sókè láì mọ̀. DJ ń lù, àwọn èèyàn ń pariwo kí wọ́n lè gbọ́ra wọn, DJ rò pé orin òun ò dún tó. Láàárín ìdajì wákàtí, ọ̀fun ti ń dun gbogbo èèyàn, wọ́n sì ti dákẹ́. Kí ẹni méjì dúró ní ìwọ̀n apá kan síra wọn, kí wọ́n sọ̀rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí ọ̀kan bá ní “ẹ tún un sọ,” ẹ rẹ orin sílẹ̀. Ẹ yẹ ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà wò kẹ́ ẹ tó yan ibi tí ẹ ó ti mu tíì.

Tábìlì ẹni mẹ́fà

Mo ní a ó padà sí ìṣẹ́jú 90. Àkókò kan wà tó yẹ kí ẹ fi sílẹ̀ lórí ìwé ètò, ní ọ̀sán ọjọ́ kìíní, tí kò ní sí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀. Ẹni mẹ́fà ní tábìlì kan, kí wọ́n má ti iléeṣẹ́ kan náà wá, kí wọ́n má máa tajà ní ọjà kan náà. Tábìlì roboto ti ẹlẹ́ni mẹ́wàá tí a fi ń ṣe ìnáwó fẹ̀ jù. Robin Dunbar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 1995 pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kì í fi bẹ́ẹ̀ di ju ẹni mẹ́rin mú. Bí wọ́n bá ti ń pọ̀ ju bẹ́ẹ̀, wọ́n á pín sí méjì. Ẹni mẹ́fà ṣì ṣeé dì mú bí olùdarí bá wà. Mẹ́wàá ò ṣeé ṣe.

Ìṣẹ́jú mẹ́jọ àkọ́kọ́, orúkọ àti iṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ìṣẹ́jú méjìlá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: méjì láti sọ ìṣòro rẹ̀, méjì fún ìbéèrè, mẹ́jọ fún ìrànlọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ìyẹn jẹ́ 72. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó kù, kí kálukú kọ ohun tó ṣèlérí fún ẹlòmíràn àti ọjọ́ tí yóò ṣe é. Ó pé 90.

Ibi méjì ló ti sábà máa ń bàjẹ́. Àkọ́kọ́, ọ̀gá á gba ọ̀rọ̀, á sì dákẹ́ lẹ́yìn ìdajì wákàtí. Àṣà wa fúnra rẹ̀ ló ní oògùn rẹ̀: àgbà ní í kásẹ̀ ọ̀rọ̀ nílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó kéré jù lọ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí ẹ sì ti bá àgbà sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀ kí ìjókòó tó bẹ̀rẹ̀ pé tirẹ̀ ló máa kẹ́yìn. Fóònù tó ń ka àkókò á wà láàárín tábìlì níbi tí gbogbo ojú ti lè rí i, kó lè jẹ́ aago ló dá ọ̀gá dúró, kó má jẹ́ ọmọdé. Ìkejì, ẹnì kan á gbé ìṣòro tí apá ẹnikẹ́ni nídìí tábìlì ò ká wá: “Ìjọba ò ràn wá lọ́wọ́.” Òótọ́ lè ni, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú méjìlá á tán sórí rẹ̀, kálukú á kàn mi orí. Kí olùdarí tábìlì bi í pé, “Èwo nínú rẹ̀ ló dá iṣẹ́ yín dúró lọ́sẹ̀ tó kọjá?” Ẹ ó rí i pé á sọ pé bẹ́líìtì ẹ̀rọ ló já, kò sì rí irú rẹ̀ rà. Ìyẹn, ẹnì kan nídìí tábìlì lè mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á.

Èdè wo ni wọ́n máa sọ nídìí tábìlì? Bí ẹ bá ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan, ẹ ti pa ẹnu ẹni tó mọ iṣẹ́ náà jù dé. Ẹ ya tábìlì Yorùbá sọ́tọ̀, kí ẹ sì fi àwọn olùkọ́ sí i pẹ̀lú, kó má baà dà bí tábìlì àwọn tí kò kàwé.

Oúnjẹ ọ̀sán náà ṣeé lò. Ní Schloss Dagstuhl ní Jámánì, níbi tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ti ń pàdé láti 1990, ẹni tó wá jẹun kì í yan àga fúnra rẹ̀. Wọ́n ti pín orúkọ sórí tábìlì láì wo ojú ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣe é ní ọ̀sán ọjọ́ kìíní nìkan. Bí ẹ bá ṣe é nígbà gbogbo, ó máa ń rẹ èèyàn, nítorí àtijókòó ti ojúlùmọ̀ ẹni náà ní ìsinmi tirẹ̀. Kí oúnjẹ ọ̀sán gùn tó kí àwọn Mùsùlùmí lè kírun Àílà láì pàdánù àga wọn, kí ẹ má sì fi ìpàdé kankan sí ọ̀sán Jímọ̀. Bákan náà, ẹ má kó gbogbo ìfojúlùmọ̀ sí àríyá alẹ́. Obìnrin tó ní ọmọ nílé àti ẹni tó ní ọ̀nà jíjìn láti rìn kì í dúró di aago mẹ́sàn-án alẹ́.

Àwọn alárinà nínú gbọ̀ngàn

Ẹ yan ẹni mẹ́wàá fún igba èèyàn, ọ̀kan fún ogún. Ẹ dé fìlà tàbí gèlè aláwọ̀ kan náà fún wọn, ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìwé tí ogún orúkọ rẹ̀ wà pẹ̀lú ìdáhùn wọn. Nígbà tíì, àwọn tó dá dúró tí wọ́n ń fi ìka ti ojú fóònù ni wọ́n máa kọ́kọ́ wá lọ. Lọ́dọ̀ wa, ọmọdé kì í kọ́kọ́ na ọwọ́ sí àgbà. Á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á máa retí kí ọ̀gá parí ọ̀rọ̀, ọ̀gá ò sì ní rí i títí wọn yóò fi pe gbogbo èèyàn wọlé. Ibẹ̀ ni alárinà ti wúlò jù:

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìdúró sà. Ìyá wa yìí ń ṣe gàrí nÍsẹ́yìn. Gàrí wọn ń bàjẹ́ kó tó pé oṣù méjì, mo sì rántí pé ẹ ní ẹ̀rọ tó ń wọn ọ̀rinrin. Mà, ẹ̀gbọ́n wa ló ń kọ́ni nípa oúnjẹ ní yunifásítì. Wọ́n ti mú díẹ̀ dání fún yín sà.”

Iṣẹ́, ìṣòro, ìdí. Kò yin ẹnikẹ́ni títí ojú fi tì í, kò sì ní “ẹ kí ara yín o” kó fẹsẹ̀ fẹ. Kí ó dúró títí ìbéèrè àkọ́kọ́ yóò fi jáde lẹ́nu ọ̀kan nínú wọn, ìṣẹ́jú méjì ni. Nígbà tí olùkọ́ bá tú ọ̀rá gàrí náà, tó fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ wò, tó wá béèrè pé, “Iná wo lẹ fi ń yan án, mà?”, iṣẹ́ ti parí. Ojú ti mojú, alárinà yẹ̀bá.

Àwọn tó dúró ní agbo ńkọ́? Eric Holscher, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Write the Docs sílẹ̀, ìyẹn àpérò àwọn tó ń kọ ìwé àlàyé fún ètò kọ̀ǹpútà, ní ìlànà kan tó dára: kí agbo máa fi àyè ẹnì kan sílẹ̀ nígbà gbogbo, bíi Pac-Man inú géèmù tó la ẹnu. Bí ẹnì kan bá wọ àyè yẹn, kí wọ́n sún, kí òmíràn ṣí. Kí olùdarí ètò sọ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kìíní. Kí ẹ sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ pé yóò dúró fún ìdajì wákàtí lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀, nídìí tábìlì tí orúkọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Bí kò bá sí nínú lẹ́tà, ọkọ̀ rẹ̀ á ti máa dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá túká

Ìwádìí kan tó jáde ní 2018 lọ́wọ́ Erica Boothby àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé lẹ́yìn tí ẹni méjì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé, kálukú máa ń fojú kéré bí ẹnì kejì ṣe fẹ́ràn òun tó ní tòótọ́. Ìdí kan nìyẹn tí ọ̀pọ̀ kì í fi í kọ̀wé lẹ́yìn àpérò: wọ́n rò pé àwọn á yọ ẹni náà lẹ́nu. Ẹ sọ èyí fún wọn ní gbangba. Lẹ́yìn náà, ẹ ya ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sọ́tọ̀ kí àpérò tó parí, kí ẹ tó ka ìdúpẹ́, kí kálukú mú fóònù rẹ̀, kó kọ̀wé sí ẹni méjì lójú ẹsẹ̀. Àwọn tí kò tíì gba nọ́ńbà ara wọn, kí wọ́n fi WhatsApp ya àmì QR ara wọn. “Inú mi dùn láti mọ̀ yín” nìkan ò tó. Kí ó ní ohun kan àti ọjọ́ kan nínú: “Ẹ káàsán sà. Èmi ìyá elégàrí Ìsẹ́yìn ni. Ẹ ní kí n fi gàrí ìgbà méjì ránṣẹ́, ti iná kíkan àti ti iná jẹ́jẹ́. Ọjọ́bọ̀ ni yóò wọ ọkọ̀.”

Ẹni tó gba káàdì, kó kọ ibi tí wọ́n ti pàdé àti ohun tó ṣèlérí sí ẹ̀yìn rẹ̀ kó tó bọ̀ ọ́ sápò. Káàdì tó bá ń dán jù kì í gba yíǹkì, nítorí náà bí ẹ bá ń tẹ káàdì, ẹ yan èyí tí kò dán lẹ́yìn.

Iṣẹ́ yín ò tíì tán. Lọ́jọ́ 30 lẹ́yìn àpérò, ẹ kọ̀wé sí gbogbo wọn. Ẹ má béèrè pé “Ṣé ẹ gbádùn rẹ̀?” nítorí ìdáhùn ìyẹn kì í yàtọ̀. Ẹ béèrè pé: ta lẹ ti bá sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà, lórí kí ni, ta ló fi yín mọ̀ ọ́n? Àwọn tí ìlérí wọn kò tíì jáde, ẹ rán wọn létí ní kọ̀rọ̀, ẹ má dárúkọ wọn ní gbangba. Lọ́jọ́ 90, ẹ tẹ̀ wọ́n láago, ogún èèyàn tó, kí ẹ sì kọ ohun tó ti ibẹ̀ jáde sílẹ̀ bó ṣe jẹ́: ẹ̀rọ tí wọ́n rà, iṣẹ́ tí wọ́n jọ gbà, gàrí tó pé oṣù mẹ́rin nílẹ̀ tí kò bàjẹ́. Nígbà tí ẹ bá ń ka ìdáhùn “ta ló fi yín mọ̀ ọ́n?” yẹn, ẹ fi ìlà sábẹ́ orúkọ alárinà tí ẹni méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá dárúkọ. Àwọn wọ̀nyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ láago nígbà tí ẹ bá ń yan ẹni mẹ́wàá ti ọdún tó ń bọ̀.